Kútọnù sí Bàhíà: kìlómítà 5,000 ni lójú òfuurufú, kí ló dé tí èrò fi ń rìn ju 12,000 lọ?

Bí wọ́n bá bi wá léèrè pé nínú Párísì àti Bàhíà, èwo ló jìnnà sí Kútọnù jù, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn pé Bàhíà ni, ó sì jìnnà jù ú lọ fíìfíì. Párísì, a mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò ń lọ wọ́n ń bọ̀, bàálù tó ń ti Kútọnù gbéra lálẹ́ a sì ti balẹ̀ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bàhíà ńkọ́? Ìyẹn ìlú Salvador ní Bùràsíìlì, òdìkejì òkun ni, ibi tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi padà wá mọ́.

Àmọ́ ìwọ̀n kò gbè sẹ́yìn wa. Láti pápákọ̀ òfuurufú Kútọnù dé ti Párísì, nǹkan bíi kìlómítà 4,740 ni. Láti Kútọnù dé pápákọ̀ òfuurufú Salvador, kò pé 5,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju nǹkan bíi kìlómítà 240 lọ. Bí ẹni tó ti Kútọnù lọ sí Sábẹ̀ẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà, kò sí bàálù kan tó ń gbéra ní Kútọnù tí í lọ balẹ̀ ní Salvador tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ sí ibòmíràn tó jìnnà, kí ó tó wá yí padà. Ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́ kìlómítà 5,000 a wá di 12,000, a tún máa di 15,000 nígbà mìíràn. Ohun tó fà á ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́, ó kan àwọn ará Kétu, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ sí ibi yòówù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà òfuurufú?

Ọ̀nà ilẹ̀ rọrùn láti wọ̀n. Ọkọ̀ ń tẹ̀lé títì, títì ń yípo òkè, ó ń wá afárá tí yóò gbà kọjá odò, a sì ń ka òpó kìlómítà létí ọ̀nà. Ojú òfuurufú kò ní títì. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ bàálù ń wọ̀n ni ọ̀nà tó kúrú jù láàárín ìlú méjì lórí ayé tó rí róbótó.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ mú ọsàn kan, kí ẹ fi bírò tọ́ àmì méjì sí i lára, kí àmì kan jẹ́ Kútọnù, kí èkejì jẹ́ Salvador. Ẹ mú òwú ìránṣọ, kí ẹ fà á le láti àmì kan dé èkejì. Ibi tí òwú náà gbà nígbà tó le dáadáa, tí kò rọ̀ sí apá kankan, òun ni ọ̀nà tó kúrú jù. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n òfuurufú.

Ìdí nìyí tí àwòrán ayé tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sára ògiri ilé ìwé fi máa ń tan èèyàn. Ẹ kò lè bó èèpo ọsàn kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì láìjẹ́ pé ó ya tàbí pé ẹ fà á. Irú àwòrán ayé tó wọ́pọ̀ jù ti fa àwọn ibi tó jìnnà sí agbedeméjì ayé gùn, débi pé Yúróòpù tóbi lójú ju bó ṣe rí lọ, ilẹ̀ tiwa sì kéré lójú. Ẹni tó bá fi rúlà wọn ìlú méjì lórí rẹ̀ kò ní rí òótọ́.

Ìṣirò rẹ̀ náà kò ṣòro tó bí a ṣe rò. Wọ́n pín àyíká ayé sí dígírì 360. Dígírì kan lórí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 111. Ó ṣe é ṣe kí ẹ fi èyí wọn Kútọnù sí Párísì fúnra yín, nítorí pé ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù lọ sí àríwá. Bí ẹni bá gbéra ní Kútọnù tó kọjú sí àríwá gan-an, tó la Sábẹ̀ẹ́ àti Parakú kọjá, tó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, tó sì kọjá òkun tó wà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù, ẹ̀bá Párísì ni yóò yọ sí. Kútọnù wà ní dígírì 6.4 lókè agbedeméjì ayé, pápákọ̀ òfuurufú Párísì wà ní 49. Ẹ yọ 6.4 kúrò nínú 49, ó ku 42.6. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 111, ẹ ó rí 4,729. Kìlómítà díẹ̀ ló kù kó pé iye tí ìwọ̀n tó péye ń fi hàn.

Ti Salvador gba ìṣirò tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlú náà wà ní ìwọ̀ oòrùn wa, ó sì tún wà ní ìsàlẹ̀ agbedeméjì ayé, ní nǹkan bíi dígírì 13. Àmọ́ bí wọ́n bá parí ìṣirò ọ̀hún, dígírì tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò pé 45. Ìyẹn ló mú kìlómítà 5,000 wá.

Wákàtí mélòó ni yóò gbà?

Bàálù ńlá tó ń gbé èrò máa ń sáré tó kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán. Tí a bá ka àkókò tó fi ń gòkè àti èyí tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ọn, kìlómítà 5,000 kò ní gbà ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ láti Kútọnù dé Malanville ju kìlómítà 700 lọ díẹ̀. Awakọ̀ tó bá lọ Malanville nígbà mẹ́ta, tó sì padà wálé nígbà mẹ́ta, kò tíì rin ibi tó tó Kútọnù sí Salvador. Kó tún kọjú sí Malanville lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pé.

Aago ìlú méjèèjì tún ní ìtàn tirẹ̀. Oòrùn yọ sí wa ṣáájú wọn. Nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù ní Kútọnù, aago mẹ́rin òru ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Salvador. Ní Lomé, níbi tí aago ti fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Bẹ̀nẹ̀, ìyàtọ̀ náà jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn ni pé bí bàálù bá wà tó ń lọ tààrà, tó sì gbéra ní Kútọnù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, èrò inú rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Salvador ní bíi aago mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Yóò bá àwọn tó ń ta àkàrà lójú títì, kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ẹ̀wà ni wọ́n sì ń lọ̀ ṣe é. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Bùràsíìlì ka iṣẹ́ àwọn obìnrin aláàkàrà náà kún ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn.

Ọ̀nà tí èrò ń gbà lónìí

Ẹ jẹ́ kí á wá ka iye tí èrò ń rìn ní òótọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó mú.

Ọ̀nà kìíní ni ti Párísì àti Lisbon. Èrò yóò ti Kútọnù lọ sí Párísì, kìlómítà 4,740. Láti Párísì, yóò wọ bàálù lọ sí Lisbon, olú ìlú Pọ́túgà, kìlómítà 1,470. Lisbon sì ní bàálù tó ń lọ sí Salvador tààrà, kìlómítà 6,500. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 12,710 ni. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ọ̀nà tààrà lọ. Ẹ sì kíyè sí i pé nígbà tí èrò náà bá dé Párísì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn jìnnà tó kó ti dé Salvador, àmọ́ ìrìn àjò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì ni ti Párísì àti São Paulo. Láti Párísì sí São Paulo tó jẹ́ ìlú tó tóbi jù ní Bùràsíìlì, kìlómítà 9,400 ni. Láti ibẹ̀, èrò yóò tún wọ bàálù abẹ́lé padà sí òkè lọ sí Salvador, kìlómítà 1,450. Àròpọ̀ rẹ̀ lé ní 15,500.

Ọ̀nà kẹta ni ti Addis Ababa ní Ethiopia. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa tó ń lọ Ṣáínà àti Dùbáì ló mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú tí ó wà: ìlà oòrùn ni Addis Ababa wà sí wa, ìwọ̀ oòrùn ni Bùràsíìlì wà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ fún kìlómítà 4,000. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ bàálù tó ń lọ sí São Paulo, tí yóò tún la Áfíríkà kọjá kó tó dé orí òkun, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 9,900. Tí a bá fi 1,450 ti abẹ́lé kún un, ó ti tó 15,400.

Ìwọ̀nyí jẹ́ iye tí bàálù ń fò nìkan. A kò tíì ka wákàtí tí èrò ń jókòó dúró ní pápákọ̀ òfuurufú, nígbà tí yóò máa wo pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ ìlú sí. Ìdí nìyí tí ìrìn àjò tí kò yẹ kó ju wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ fi ń gba odindi ọjọ́ kan, tó sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Ìgbà kan wà tí ọ̀nà náà kò ya ibì kankan

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀nà tààrà láàárín etíkun wa àti Bàhíà jẹ́ ohun tuntun tí a ń lá lálàá rẹ̀. Ó ti wà rí, ó sì wà fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó burú ló kọ́kọ́ là á. Àwọn ọkọ̀ ojú omi oníṣòwò ẹrú ń ti Salvador wá sí Wídà, Àjàṣẹ́ àti Èkó, tábà ni wọ́n ń kó wá, èèyàn ni wọ́n ń kó lọ. Wọn kì í gba Pọ́túgà kọjá. Òkun tó wà láàárín wa ni wọ́n ń gbà tààrà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun sí àwọn ọ̀gá wọn ní Salvador. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti dòmìnira. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ló wọkọ̀ padà wá sí Àgùé, Wídà, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà. Àwọn ọmọ wọn ló ń jẹ́ da Silva, de Souza, Paraïso àti d'Almeida láàárín wa títí dòní. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tó rí bí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bàhíà lójú, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Àjọ̀dún Olúwa wa ti Bonfim tí wọ́n ń ṣe ní Àjàṣẹ́ ní oṣù Kìíní, oṣù kan náà ni wọ́n ń ṣe é ní Salvador.

Kì í ṣe èèyàn nìkan ni ọkọ̀ ń kó nígbà náà. Obì, aṣọ òfì, ọṣẹ dúdú àti epo pupa ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Bàhíà, nítorí pé àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ kò lè ṣe kí wọ́n má lò wọ́n. Àwọn ará Bàhíà ṣì ń pe irú aṣọ yẹn ní aṣọ Etíkun, ọṣẹ náà ni wọ́n sì ń pè ní ọṣẹ Etíkun. Etíkun tí wọ́n ń sọ, tiwa ni. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ní Salvador, tó kọ́ Ifá ní Kétu ní ọdún 1953 tí wọ́n sì fún un ní orúkọ Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa ìwé àti lẹ́tà nípa òwò yìí jọ. Ìwé ńlá tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1968.

Kí ló wá pa ọ̀nà náà dé? Nígbà tí àwọn Faransé gba Dahomey, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, wọ́n yí ojú ọkọ̀ ojú omi padà sí èbúté tiwọn. Ọjà tó ń lọ Bàhíà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ Marseille àti Liverpool. Nígbà tí bàálù dé, ipa ọkọ̀ ojú omi yẹn náà ló tọ̀. Ẹni tó wà ní Kútọnù ń fò lọ Párísì, ẹni tó wà ní Èkó ń fò lọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà tí àwọn amúnisìn là fún ọjà wọn ni a ṣì ń tọ̀ lójú ọ̀run.

Ṣé òkun náà ló le jù fún bàálù ni?

Rárá o. Ní ọjọ́ kejìlá sí ìkẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 1930, Jean Mermoz, awakọ̀ òfuurufú ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbéra pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní Saint-Louis ní Senegal, wọ́n gbé lẹ́tà, wọ́n sì balẹ̀ sí Natal ní Bùràsíìlì lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlélógún. Apá ibẹ̀ ni òkun ti fún jù láàárín Áfíríkà àti Bùràsíìlì, nǹkan bíi kìlómítà 3,000 ni Dakar sí Natal. Iṣẹ́ náà léwu púpọ̀ nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1936, Mermoz fúnra rẹ̀ àti àwọn tó bá a rìn sọnù sórí òkun yìí, wọn kò sì rí wọn mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti yí padà láti ìgbà náà. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ti òde òní ń la òkun ńlá já lójoojúmọ́. Láti ọdún 2016 ni Ethiopian Airlines ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Lomé lọ sí Newark, lẹ́bàá New York, tààrà. Nǹkan bíi kìlómítà 8,300 ni ìyẹn. Bí bàálù bá lè ti Lomé fo 8,300 láìdúró, 5,000 kò lè jẹ́ ìṣòro fún un.

Ohun tó ń ṣòro ni iye èrò. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò oníṣòwò. Ká ní bàálù kan ní àga 180, tó sì ń lọ Salvador lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láàárín ọdún kan, àga 18,720 ni yóò ní láti wá èrò fún ní àlọ nìkan, iye kan náà sì ni ní àbọ̀. Bí ìdá mẹ́ta àga bá ṣófo, owó epo kò ní dín, owó àwọn òṣìṣẹ́ kò ní dín, owó tí wọ́n ń san ní pápákọ̀ òfuurufú kò ní dín. Ilé iṣẹ́ bàálù kò yàtọ̀ sí ìyá tó háyà ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọjà. Bí ẹrù rẹ̀ kò bá kún ọkọ̀, ó sàn fún un kó da ẹrù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn ní ìkòríta. Ìkòríta yẹn ni Párísì, Lisbon àti Addis Ababa jẹ́ fún bàálù. Wọ́n ń kó èrò jọ láti ìlú púpọ̀, wọ́n sì ń tún wọn pín.

Ohun kejì ni àdéhùn. Bàálù orílẹ̀-èdè kan kò lè kàn fò wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kó máa gbé èrò. Ìjọba méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinubu lọ sí Bùràsíìlì, Nàìjíríà àti Bùràsíìlì fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí bàálù lè máa lọ tààrà láàárín wọn. Àdéhùn kì í gbé bàálù fò o, ṣùgbọ́n láìsí i, bàálù kò lè gbéra.

Lomé ti dán an wò rí

Ọ̀nà yìí kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí Lomé. Ní oṣù Keje ọdún 2013, Ethiopian Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Addis Ababa lọ sí Rio de Janeiro àti São Paulo, Lomé ni wọ́n sì ń yà sí. Èrò tó bá wọ̀ ọ́ ní Lomé kò nílò láti dé Yúróòpù rárá. Nígbà tó yá, wọ́n yọ Lomé kúrò lójú ọ̀nà náà, bàálù sì ń ti Addis Ababa lọ São Paulo láìyà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ojú òfuurufú kò dà bí afárá tí wọ́n kọ́ sórí odò. Bí wọ́n bá là á tí èèyàn kò bá rìn ín tó, wọ́n a gbé e kúrò.

Ẹ wo Luanda ní Àǹgólà. Ọjọ́ pẹ́ tí bàálù ti ń ti ibẹ̀ lọ sí Bùràsíìlì tààrà. Èdè Potogí ni wọ́n jọ ń sọ, àwọn oníṣòwò Àǹgólà sì ń lọ kó aṣọ àti bàtà ní São Paulo. Òwò ló gbé bàálù yẹn dúró.

Nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ báyìí tó lè yí ìṣirò náà padà. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n ti ń ṣe bàálù tó kéré níwọ̀n ṣùgbọ́n tó ń lọ jìnnà. Airbus A321LR lè fo nǹkan bíi kìlómítà 7,400, èrò tó sì ń gbé kì í tó 200 bí wọ́n bá to àga rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn. Ìlú tí kò ní èrò tó lè kún bàálù ńlá lè kún irú èyí.

Èkejì ni òfin tuntun ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni òfin 2024-31 jáde, èyí tó fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí òkè òkun láǹfààní láti di ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Bùràsíìlì ni orílẹ̀-èdè tó gba ẹrú jù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Salvador sì ni ìlú tí ìrántí wa ti lágbára jù níbẹ̀. Láti ọdún 1988 ni Ilé Bẹ̀nẹ̀ ti wà ní àárín ìlú àtijọ́ Salvador.

Fún Kétu, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé òrìṣà tó tóbi jù ní Salvador, orílẹ̀ Kétu ni wọ́n ń pe ara wọn, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọka ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Bùràsíìlì fi sábẹ́ ààbò gẹ́gẹ́ bí ohun ìní orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1984. Ìtàn ilé Alákétu tó wà ní ìlú kan náà sì sọ pé ọmọbìnrin ìdílé ọba Arọ̀ ní Kétu ló dá a sílẹ̀. Bí ọmọ ilé yẹn bá fẹ́ wá wo ilẹ̀ baba rẹ̀ lónìí, ó lè jẹ́ Yúróòpù ni yóò kọ́kọ́ dé.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Títí tí ọ̀nà tààrà yóò fi là, ẹni tó ń lọ sí ìlú jíjìn, yálà Salvador ni o tàbí Guangzhou, ní ohun tó yẹ kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Kì í ṣe iye owó nìkan.

Ẹ bèèrè ìlú tí bàálù yóò yà sí, àti iye wákàtí tí ẹ ó fi jókòó níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó dín owó lè jẹ́ èyí tó ní kí ẹ sùn sórí àga ní pápákọ̀ òfuurufú mọ́jú.

Ẹ bèèrè bóyá ìlú tí ẹ ó yà sí ń gba físà lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ yí bàálù padà. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ilé aṣojú orílẹ̀-èdè náà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tajà fún yín nìkan.

Ẹ bèèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé yín débẹ̀ tàbí méjì tí wọ́n so pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí bàálù àkọ́kọ́ sì pẹ́, ilé iṣẹ́ náà ló ni wàhálà láti wá òmíràn fún yín. Bí ó bá jẹ́ méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yin lẹ ni wàhálà yín, ẹ sì lè ní láti gba ẹrù yín jáde kí ẹ tún fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má sì gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ ó lò ó nígbà tí ẹ bá ń padà wọ Bẹ̀nẹ̀.

Ta ni yóò la ọ̀nà náà?

Kìlómítà 5,000 tó wà láàárín wa àti Bàhíà kò ní gùn sí i, kò sì ní kúrú. Ohun tó lè yí padà ni iye èèyàn tó fẹ́ rìn ín, òwò tó bá wọn rìn, àti ìjọba tó ṣe tán láti jókòó kọ àdéhùn. Nígbà tí obì àti aṣọ òfì ń lọ sí Bàhíà, ọkọ̀ ojú omi wà, nítorí pé àwọn tó ń rà á wà. Bí àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ bá rí ohun tí wọ́n lè tà ní Salvador, tí àwọn ará Salvador náà sì rí ìdí tí wọ́n fi ń wá sí Wídà àti Kétu lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ bàálù yóò ka iye wọn, nítorí iṣẹ́ wọn ni láti ka iye. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ní í sọ igbó di ọ̀nà. Ti ojú òfuurufú náà kò yàtọ̀.